Ohun Tí Màmá Mi Ń Sọ sí Etí Bàbá Mi

Inú ariwo ni wọ́n bí wa sí. Bàbá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìjọba ń kọ ní Ifangni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Daagbé. Bí oòrùn bá ti yọ ni ẹ̀rọ náà á ti máa ké. Àwọn obìnrin á gbé àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ wá nínú abọ́ ńlá, wọ́n á tò ó sílẹ̀ bí wọ́n ṣe dé sí, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, ẹnu wọn á máa mì, ẹnì kan ò sì ní gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ sí ọbẹ̀ á pariwo kí wọ́n tó gbé e fún un. Nígbà tí mo lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí wa ní Àjàṣẹ́ nítorí ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń pè ní líséè, wọ́n bi mí bóyá inú ń bí mi ni, nítorí bí ẹni tó ń jà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bàbá mi fúnra wọn kì í ṣe aláriwo. Wọ́n á fi aṣọ bo imú, ìyẹ̀fun á sọ ìpéǹpéjú wọn di funfun, wọ́n á dúró ti ẹ̀rọ náà bí ẹni dúró ti aláìsàn. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bí nǹkan kan bá fẹ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá wọn kú ni màmá mi bí mi, nítorí náà "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí. "Ìyá mi, wá bá mi di ẹnu àpò yìí mú." "Ìyá mi, ṣé o ti jẹun?" Àwọn oníbàárà náà gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n ń pè mí ní ìyá ọlọ́lọ, ìyá ẹni tó ni ẹ̀rọ.

Yunifásítì ní Kútọ́nù ni mo wà nígbà tí iṣẹ́ tí mò ń ṣe títí dòní bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ló fi hàn mí. Àwọn ará òkèèrè á gba ohùn sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìpàdé, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà pẹ̀lú aláìsàn, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi á fi ẹkutọ̀ọ̀ tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà dí etí mi méjèèjì, mo á máa gbọ́ wọn, mo á máa tẹ ohun tí wọ́n ń sọ ní Faransé sínú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí mo jókòó sí. Ibi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì mi.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kò di dandan kí n wà ní Kútọ́nù. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kò sẹ́ni tó lé mi nílé, ebi ò pa mí, wọn ò sì fẹ́ fi mí fún ọkọ tí mi ò fẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ibòmíràn ṣe ń mọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, bàbá mi pa ẹ̀rọ ní ọ̀sán gangan, ohun tí wọn kì í ṣe. Àwọn obìnrin tó ń dúró de ìyẹ̀fun wọn ò ráhùn. Bàbá àti màmá mi sìn mí dé Igolo ní ibodè Nàìjíríà, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba èrò láàárín àwọn tó ń ṣẹ́ owó àti àwọn alágbàrù tó ń ru ẹrù bọ̀ láti ìhà Ìdírókò.

"Níbo gan-an lò ń lọ?" bàbá mi bi mí.

"Lomé ni, Bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tíì mọ̀."

"Ta ni ọ̀gá rẹ níbẹ̀?"

"Ọ̀gá mi ò sí níbẹ̀. Ìlú òyìnbó ló wà. Mi ò rí i rí."

Wọ́n yíjú sí màmá mi bí ẹni pé kí wọ́n bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Màmá mi ò túmọ̀ nǹkan kan. Wọ́n gbé àpò mi fún awakọ̀, wọ́n ní, "Máa jẹun kí o tó sùn." Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà díẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, èyí tó kù ni wọ́n ṣe ní èdè wa, ṣùgbọ́n àwọn onízẹ́mì ń fọn fèrè alùpùpù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mi ò gbọ́ ìparí rẹ̀.

Mo gbé Lomé, mo gbé Àkrá, mo gbé Dàkáà. Bí àkókò tí wọ́n fún àlejò bá pé, tàbí tí onílé bá fẹ́ fi yàrá fún ẹlòmíràn, mo á ká aṣọ mi, ó di ìlú mìíràn. Ó dùn mọ́ mi nígbà náà. Mi ò ní purọ́ pé kò dùn. Mo á jí nínú yàrá tí mi ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń tan iná rẹ̀, mo á ṣí fèrèsé, òkun á wà níbẹ̀ tàbí òkè, ọkàn mi á sì fúyẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásàárì, ni mo máa ń pe ilé, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n ń tètè pa ẹ̀rọ. Màmá mi ló máa ń di fóònù mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé ìdáhùn bàbá mi kì í bá ìbéèrè mi lọ. Mo á bèèrè bóyá òjò ti rọ̀, wọ́n á ní àwọn ti pààrọ̀ bẹ́líìtì. Mo á ní kí ni wọ́n jẹ, wọ́n á ní, "Àmín, Àmín, ìyá mi." Màmá mi á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ò gbọ́ràn mọ́ o. Fóònù pàápàá, wọn ò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá."

Dókítà ní Àjàṣẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ló jẹ etí wọn. Ó ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún pípẹ́, ẹnì kan ò fura. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sínú etí, mo fi ránṣẹ́. Bàbá mi lò ó fún ìwọ̀nba ọjọ́, wọ́n ní ó ń sọ ohùn àwọn ènìyàn di ohùn àwo tó ń fọ́. Wọ́n yọ ọ́, wọn ò fi í sí i mọ́.

Ohùn kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ń gbọ́ ni ti màmá mi. Bí màmá mi bá fi ẹnu súnmọ́ etí òsì wọn, tí wọ́n sọ̀rọ̀ ní kíkan, díẹ̀díẹ̀, bàbá mi á gbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń bá wọn lọ àgbàdo, gbìyànjú títí, wọn ò gbọ́ ọ àfi tó bá pariwo débi tí iṣan ọrùn rẹ̀ á le. Nítorí náà, màmá mi ló wá di ẹnu mi. Mo á sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Dúró ná," mo á gbọ́ bí aṣọ wọn ṣe ń ha fóònù, mo á gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbi tó jìnnà, ṣùgbọ́n mi ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní pàtó. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá mi á wá dún sókè, bí ohùn ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Ó dáa, ìyá mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ."

Àwọn ìdáhùn kan wà tí kò yé mi. Ọdún kan, mo ní mi ò ní lè wá fún Iléyá. Màmá mi bá wọn sọ̀rọ̀ létí. Bàbá mi dáhùn, ohùn wọn kún fún ẹ̀rín: "Inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an." Mo rò pé wọ́n ń fi ìbànújẹ́ pamọ́ fún mi ni. Nígbà mìíràn wọ́n ní, "Ọlọ́run á sọ ilé náà di ilé ayọ̀." Mo bi màmá mi pé ilé wo. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Kìgálì ni mo wà nígbà tí màmá mi kú. Àbúrò mi pè mí láàárọ̀, ó ní orí ń fọ́ màmá, wọ́n ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó tún pè. Ó kàn ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n," títí ó fi yé mi.

Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lè gbé mi débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo ní kí àbúrò mi má pa fóònù. Ó fi í sápò àyà rẹ̀. Mo fi ẹkutọ̀ọ̀ sí etí, mo jókòó sídìí tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe sin màmá mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, mo gbọ́ ọkọ́ tó ń gbé yẹ̀pẹ̀, mo gbọ́ "Lá iláha" tí wọ́n ń ké. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi tó ń bèèrè sókè lórí gbogbo rẹ̀: "Ṣé wọ́n ti sọ fún ìyá mi? Ṣé ìyá mi ti gbọ́?" Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé ìka mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tí mò ń gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Mo ká wọn kúrò níbẹ̀, mo fi wọ́n sáàárín itan mi.

Mo dé ilé kí wọ́n tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Bàbá mi jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọn ò dìde. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi títí, wọ́n ní, "O dé. Ta ni yóò wá máa sọ fún mi báyìí, ohun tí o bá sọ?"

Ọjọ́ àdúrà náà ni mo gbọ́ nípa ara mi. Àwọn àgbà jókòó yí bàbá mi ká, bàbá mi sì ń fi ohùn gíga ṣàlàyé mi fún wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Dàkáà, ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Wọ́n ní ilé rẹ̀ ní àgbàlá, igi gúáfà wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ará Kétu ni ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ni, ó máa ń kírun déédéé, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó bá a wá. Àwọn àgbà ń ṣe "Alihamudulilahi", wọ́n ń yíjú wò mí. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ sààrà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, mo fa àbúrò mi lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ.

"Ta ni ará Kétu?"

Ó wolẹ̀. "Màmá ni."

"Màmá ni kí ni?"

"Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Nígbà tí ẹ kúrò ní Àkrá, tí ẹ ní ilé àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ ń sùn, Màmá sọ ọ́ fún Bàbá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá ò jẹun. Wọn ò sùn. Wọ́n ń rìn kiri àgbàlá, wọ́n ní àwọn á lọ wá yín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá sọ fún wọn pé ẹ ti rí ilé tó dára gbà ní Dàkáà. Bàbá jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá ti ń kó láti ìlú kan sí òmíràn, Màmá ń jẹ́ kí ẹ wà lójú kan fún Bàbá."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Bàbá ló ń bèèrè. Wọ́n ń bèèrè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó ti sú Màmá láti máa sọ pé kò tíì sí."

Mi ò bínú sí màmá mi. Mo wá ìbínú náà, mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni obìnrin kan tó jókòó sáàárín ọkọ tí kò gbọ́ràn àti ọmọ tí kò sí nítòsí, tó ń kọ́lé, tó ń gbin gúáfà, tó ń fẹ́ ọkọ fún ọmọ, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lásán, kí àwọn méjèèjì lè sùn.

Mo dúró sílé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò gbé iṣẹ́ mi, nítorí náà láràárọ̀ ni mo ń lọ sí Igolo, níbi tí fóònù ti ń gba ti Nàìjíríà láti òdìkejì ibodè. Obìnrin kan tó ń ṣẹ́ owó fún mi ní àyè lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, mo á gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún. Ariwo ibẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ mi. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé àṣìṣe ti pọ̀ jù.

Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, bàbá mi á bi mí léèrè: "Ọkọ rẹ ti pè?" Kí n tó ronú ohun tí mo máa ṣe, àbúrò mi á ti pariwo sí wọn létí: "Ó ti pè, ó ní kí wọ́n kí yín." Wọ́n á mi orí. Wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí bàbá mi rán aṣọ. Mo délé lọ́jọ́ kan, mo bá bàbá mi nínú agbádá tuntun, wọ́n ń yí ara wọn wò.

"Àna wa ni mo fẹ́ lọ kí," wọ́n ní. "Kò dára kí ìyá ìyàwó kú kí bàbá ìyàwó má tíì fojú kan ọkọ. Mo ti bi àwọn awakọ̀ ní Igolo. Wọ́n ní ọkọ̀ wà tó ń lọ títí dé Dàkáà. Ìwọ àti èmi á jọ lọ."

Mo wo àbúrò mi. Òun náà wò mí. Kò sí irọ́ tó kù tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà láti sọ òtítọ́ ni ìṣòro wa. Ohun tí ènìyàn bá máa sọ fún bàbá mi, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ọ. Àwọn oníbàárà wà lábẹ́ igi, àwọn ará ilé kejì wà lẹ́yìn ògiri. Mi ò lè dúró láàárín wọn kí n máa pariwo pé màmá mi purọ́, wọn ò tíì pẹ́ nínú sàréè. Àbúrò mi ló ní kí a gbé wọn lọ sóko.

Oko wa wà ní Lagbé, àgbàdo àti ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀. Bàbá mi rò pé a fẹ́ lọ wo ẹyìn tó pọ́n ni. A gbé wọn sórí alùpùpù láàárín àwa méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé wa nígbà tí a kéré. Nígbà tí a dé ìdí àwọn ọ̀pẹ tó wà lókèèrè, tí ilé kankan ò sí nítòsí, mo fi ẹnu mi sí ẹ̀bá etí òsì wọn. Mo gbóòórùn ìyẹ̀fun lára wọn.

"Bàbá, mi ò ní ọkọ."

"Kí ló ṣe é?"

Mo tún pariwo. "Kò sí ọkọ kankan."

"Ó kú ni?"

"Kò sí i rí. Kò sẹ́ni tó rí bẹ́ẹ̀."

Ojú wọn ń wo ẹnu mi. "Ilé ńkọ́?"

"Kò sí ilé."

"Gúáfà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló fẹ́ pa mí. "Kò sí gúáfà, Bàbá."

"Dàkáà ńkọ́? Ṣé Dàkáà wà?"

"Dàkáà wà. Mo gbé ibẹ̀ rí. Mi ò sí níbẹ̀ mọ́."

Wọ́n jókòó sórí ọ̀pẹ kan tó ti ṣubú. Wọ́n bi àbúrò mi pẹ̀lú ojú bóyá òun náà mọ̀, àbúrò mi sì dọ̀bálẹ̀ lórí imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, kò dìde. Bàbá mi ò wò ó pẹ́.

"Ìyá rẹ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi," wọ́n ní.

Mo mi orí.

"Ó sọ ọ́ dáadáa."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ohùn wọn ṣe lè rọlẹ̀ tó: "Níbo wá lò ń sùn?"

Mo sọ fún wọn. Mo pariwo àwọn yàrá mi sí wọn létí, èyí tó wà lókè ilé búrẹ́dì ní Lomé, èyí tí mo bá ọmọ ilé ìwé kan pín ní Àkrá, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń jò ní Kìgálì. Wọ́n bèèrè ẹni tó ń se oúnjẹ fún mi. Mo ní èmi ni. Wọ́n bèèrè ẹni tó ń dúró tì mí bí ara mi ò bá yá. Mo ní mo máa ń dùbúlẹ̀ títí á fi yá. Ohùn mi há nígbà tó yá, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi pariwo rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá mi gbọ́ bí mo ṣe ń gbé ilé ayé, lábẹ́ ọ̀pẹ, láti ẹnu àwa méjèèjì tí ọ̀nà ọ̀fun wa ń dùn wá.

Bàbá mi ò wọ agbádá náà mọ́. Wọn ò sì sọ̀rọ̀ mi fún àlejò mọ́. Bí àlejò bá bèèrè ọkọ mi, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn láàárọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Má rò pé mò ń bínú," wọ́n ní. "Ọmọbìnrin méjì ni mo ní. Èyí tí ìyá rẹ ń sọ fún mi, òun àti ìyá rẹ ni wọ́n jọ lọ. Mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe mí. Ìwọ náà, jẹ́ kí n máa mọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

Àkókò ò tó. Iṣẹ́ mi ń kú lọ ní Igolo, bàbá mi sì rí i. Bàbá fúnra wọn ló sọ pé kí n máa lọ. Mo lọ sí Nàìróbì.

A ń rí ara wa lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú. Àbúrò mi á gbé e síwájú wọn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á máa fi òrùlé hàn mí, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, tàbí ìdajì irùngbọ̀n. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Èmi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìwọ ń gbọ́ mi. Nítorí náà èmi ni yóò máa sọ̀rọ̀." Wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ibi tí mo wà, àbúrò mi á pariwo orúkọ ìlú náà, wọ́n á tún un pè bó ṣe wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ọmọbìnrin wọn kejì. Ọjọ́ tí gúáfà rẹ̀ kọ́kọ́ so, tí àwọn ọmọ àdúgbò ká a tán. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbé e lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà mú un, tó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọbẹ̀ tó sè fún àwọn àna rẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, tí wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì yìn ín. Ó yé mi pé ọ̀rọ̀ màmá mi ni mò ń gbọ́, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, láti ẹnu bàbá mi. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kàn ń jókòó, mo ń gbọ́ ọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni bàbá mi kú. Àbúrò mi sọ fún mi pé wọ́n kírun àárọ̀, wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n wá jókòó sídìí ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, nítorí ọwọ́ ni wọ́n wá fi ń gbọ́ ọ. Orí wọn tẹ̀ síwájú. Àwọn oníbàárà rò pé oorun ni. Ẹ̀rọ náà ń lọ àgbàdo lọ, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan títí àbúrò mi fi pa á láti da epo sí i, tó wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sún díẹ̀.

Wọ́n ti sin bàbá mi kí n tó dé. Ẹ̀gbẹ́ màmá mi ni wọ́n wà, lẹ́yìn ilé. Mo dúró títí di àdúrà ogójì ọjọ́. Àwọn ìyá tó ń wá lọ àgbàdo ń gbàdúrà fún mi, fún ọkọ mi ní Dàkáà, fún ilé mi. Mo ń ṣe Àmín. Kò sí ẹni tó kù tí mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ pariwo òtítọ́.

Àbúrò mi gbé mi lọ sí Igolo ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ lọ. Ó fi àpò mi sínú ọkọ̀, ó dúró, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

"Ṣé ẹ máa padà wá?"

"Màá padà wá."

"Nígbà wo?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ti sùn kí a tó dé Àjàṣẹ́. Nígbà tí mo jí, ọkọ̀ wà lórí afárá kan, oòrùn ń tàn sí mi lójú lórí omi, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ní èdè méjì mẹ́ta lẹ́yìn mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé Kútọ́nù ni.